Orúkọ Tó Wà Nínú Agogo Kettle Falls

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin ọdún 1944, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọbìnrin wa nínú agogo ọkọ̀ ogun Kettle Falls, ní èbúté Astoria, níbi tí odò Columbia ti ń wọ inú òkun. Òjò ń rọ̀. Wọ́n tú agogo náà kúrò níbi tí ó so rọ̀ sí, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ sókè, wọ́n gbé e ka orí àpótí onígi, wọ́n sì bu omi sí i. Àlùfáà àwọn ológun ti ọwọ́ bọ omi náà. Signe Marit ni a sọ ọmọ. Signe ni orúkọ ìyá mi, Marit sì ni orúkọ ìyá Alma, ìyàwó mi. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wo àwa ọkùnrin tí a tò yí i ká, tí omi òjò ń kán láti etí fìlà wa.

Àṣà ọlọ́kọ̀ ogun ni pé ọmọ tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún nínú agogo, wọ́n á fín orúkọ rẹ̀ sí inú agogo náà, ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i àfi tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ló bá wa fín in lọ́sẹ̀ yẹn: SIGNE MARIT TVEIT. Tveit ni orúkọ ìdílé mi. Orrin ni wọ́n sọ mí.

“Tveit,” ni Pruitt wí fún mi lọ́jọ́ náà, ìyẹn alásè wa, ọmọ ilẹ̀ Arkansas, “ọmọ ẹ ti di ọmọ ọkọ̀ o. Lọ́la ni màá fún un ní pòtétò kó máa bó.”

“Kó kọ́kọ́ hu eyín ná,” ni Alma dá a lóhùn.

“Ta ló ń fi eyín bó pòtétò, màdáámù?”

Alma rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun tí ó wọ̀ fún ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló rán an, ó sì fi òwú búlúù kọ orúkọ ọmọ sí etí rẹ̀. Ẹnì kan ya àwòrán wa. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a rí gbà.

Orúkọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington ni wọ́n fún ọkọ̀ wa. Àwa kò pè é bẹ́ẹ̀. Kẹ́tù ni a ń pè é, nítorí pé bí omi ṣe ń yí nínú kẹ́tù tó ń hó ni ó ṣe ń yí lórí òkun. Ti àwọn ológun ojú omi ni ọkọ̀ náà, àmọ́ Ẹ̀ṣọ́ Etíkun ni àwa tí wọ́n kó sínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ní àwọn ni ológun gidi kò sì jẹ́ ká gbádùn. Tí a bá ti wọ ilé ọtí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin tí wọn kì í gbà síṣẹ́ àfi tí ẹ bá ga. Tí ọkọ̀ yín bá rì, ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ni.”

“Èmi wá ńkọ́?” ni Pruitt máa ń wí, nítorí kúkúrú ni. “Èmi á gun Tveit léjìká.”

Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n rán wa lọ sí àwọn erékùṣù Aleutian, ní ilẹ̀ Alaska, pé kí a máa ṣọ́ òkun. Ọ̀tá tí wọ́n ní ká ṣọ́, ìyẹn àwọn ará Japan, a kò rí wọn rí. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ wa gbọ́ nǹkan lábẹ́ omi, a sì ju bọ́ǹbù lé e lórí títí ilẹ̀ fi mọ́. Òkú àbùùbùtán ló léfòó. Ìyẹn nìkan ni Kẹ́tù pa nínú ogun.

Ìjà tí a jà, afẹ́fẹ́ ni a bá jà á. Yìnyín á bo okùn, á bo ìbọn, á bo irin títí ọkọ̀ á fi wúwo lápá òkè, tí ó sì lè dojú dé nígbàkígbà. Àwa la ó gun òkè lọ pẹ̀lú òòlù onígi láti fọ́ ọ dànù. Tí a bá parí ní iwájú, ẹ̀yìn á ti dì. Ìgbànú ni mo fi ń so ara mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó lè sùn, bẹ́ẹ̀dì náà kò sì gbẹ láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìgbà tí a padà. Èékánná ìka méjì bọ́ lọ́wọ́ òsì mi. Èyí tó hù rọ́pò wọn nípọn, ó sì wọ́.

Ikọ́ ló pa Signe ní oṣù Kẹjọ. Oṣù márùn-ún ni ó gbé láyé. Oṣù Kẹwàá ni lẹ́tà Alma tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní èbúté Dutch Harbor, torí pé àpò lẹ́tà wa ti kọ́kọ́ bá ọkọ̀ mìíràn lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ wa, Burdett, pè mí.

“Tveit, mo gbọ́. Ó dùn mí gan-an.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Aago mẹ́rin ni ìṣọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Mo lọ ṣọ́. Láti ọjọ́ náà, tí ó bá kàn mí láti lu agogo, mo máa ń ti ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, màá fi ìka ka orúkọ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú òtútù, idẹ a máa lẹ̀ mọ́ awọ ara. Mi ò wọ ìbọ̀wọ́ tí mo bá ń ṣe é.

Nígbà tí mo gba ìsinmi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, Alma ti kó lọ sí Vanport, ìlú ilé onípákó tí wọ́n sáré kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀. Irin ni ó ń jó pọ̀. Ibẹ̀ ló ti mú mi lọ wo ibojì ọmọ wa. Igi kékeré ni wọ́n rì síbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i, wọn kò kọ orúkọ. Ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i pàápàá, “ọmọbìnrin Tveit” ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Alma gbé aṣọ ìrìbọmi náà jáde láti inú àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún ká a padà.

“Orrin, nígbà tí ogun bá parí, gba agogo yẹn wá fún mi.”

“Ti ọkọ̀ ni, Alma.”

“Ọkọ̀ wo ni wọ́n á máa fi ṣe nígbà tí kò bá sí ogun mọ́? Wọ́n á fọ́ ọ. Kí wọ́n tó fọ́ ọ, gbà á wá.”

“A ṣì ní aṣọ yìí. A ní àwòrán.”

“Aṣọ á gbó. Àwòrán ti ń ṣá, wò ó. Idẹ kì í rà.”

Mo ní màá gbà á wá.

Ogun kò tíì parí nígbà tí wọ́n ní kí a gbé Kẹ́tù lọ sí Cold Bay, ní Alaska. Ilẹ̀ tí kò ní igi kankan ni. Ibẹ̀ ni a bá àwọn ará Rọ́ṣíà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Wọ́n ní àwọn ni a ó fi ọkọ̀ wa lé lọ́wọ́, pé kí a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wà á, kí a sì pa ẹnu wa mọ́. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ mi nínú wọn ni Stepan Lutsenko, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú òkè ọkọ̀, ẹni àádọ́ta ọdún, tó ní eyín wúrà méjì lẹ́nu. Kesha ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa, ọmọ erékùṣù Kodiak ní Alaska, ọ̀kan nínú àwa ọlọ́kọ̀, tí wọ́n ń sọ èdè Rọ́ṣíà nílé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí a fà á lé wọn lọ́wọ́, mo lọ bá Burdett ní yàrá rẹ̀.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, agogo yẹn ni.”

“Agogo wo?”

“Agogo ọkọ̀, sà. Orúkọ ọmọ mi wà nínú ẹ̀.”

Ó gbé kálámù sílẹ̀. “Mo mọ̀, Tveit.”

“Màá wá òmíràn rọ́pò ẹ̀, sà.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí nọ́ọ̀tì bá ti dì mọ́ ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ ló ni ín. Mo ti fọwọ́ sí i pé ó pé.”

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà. Ẹ̀yin lẹ bá wa di fìlà ọmọ mú.”

“Mo wà níbẹ̀.” Ó yíjú sí fèrèsé. “A kò ta ọkọ̀ yìí fún wọn. A yá wọn ni. Ohun tí èèyàn bá yá, á dá a padà. Nígbà náà, kọ̀wé sí wọn.”

Pruitt ń dúró dè mí níta.

“Kí ló wí?”

“Ó ní a yá wọn ni. Wọ́n á dá a padà.”

“Mo yá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ìbaaka kan rí.”

“Ó dá a padà?”

“Ó dá okùn ẹ̀ padà.”

Mo mú Lutsenko lọ sídìí agogo, mo sì pe Kesha.

“Sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀, kó wo inú ẹ̀. Orúkọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀.”

Lutsenko wọ awò rẹ̀. Kò mọ lẹ́tà wa dáadáa, nítorí náà ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ó bi Kesha léèrè nǹkan.

“Ó ní báwo ni ọmọ náà?” ni Kesha wí.

“Sọ fún un pé ó ti kú.”

Lutsenko ṣí fìlà. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, láìgbé ohùn sókè.

“Ó ní òun bí méjì. Ebi pa wọ́n kú ní ìlú Leningrad. Kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí.” Kesha tún tẹ́tí sí i. “Ó ní òun á tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin ojú òun. Òun fúnra òun ni, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọkọ́mọ fọwọ́ kàn án.”

“Ṣé ó mọ̀ pé a máa gbà á padà?”

Kesha bi í. Lutsenko fọwọ́ lé àyà.

“Ó ti búra,” ni Kesha wí. “Irú bàbá tèmi ni. Bí wọ́n bá ti búra, o lè lọ sùn.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ àsíá wa kalẹ̀, wọ́n fa tiwọn sókè, wọ́n sì kun nọ́ńbà lé orúkọ ọkọ̀. A tò sórí èbúté pẹ̀lú ẹrù wa lẹ́sẹ̀. Pruitt sunkún nítorí ààrò rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n máa sè lórí ẹ̀.

Ogun parí. Wọn kò dá ọkọ̀ padà lọ́dún 1945, wọn kò dá a padà lọ́dún 1946. Mo ń kọ̀wé, wọ́n ń fèsì pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ lọ́wọ́ láàárín ìjọba sí ìjọba. Mo wọ iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ojú omi. A ṣì wà ní Vanport nítorí a kò rí ibòmíràn.

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1948, odò Columbia já ògiri tí wọ́n mọ dí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti sọ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má fòyà, pé tí ewu bá wà wọ́n á sọ. Orí òkun ni mo wà. Alma sáré jáde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́ àti bàtà ní ẹsẹ̀ kan. Ó rí i tí ilé wa ṣí kúrò nílẹ̀, tó léfòó, tó sì lọ kọ lu ilé mìíràn. Àpótí páànù tí aṣọ àti àwòrán wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bá ilé lọ. Nígbà tí mo dé, orí ilẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti bá a, ó wọ kóòtù ẹni ẹlẹ́ni.

“Agogo ló kù,” ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ará Rọ́ṣíà kó àwọn ọkọ̀ náà padà wá sí Yokosuka, ní Japan. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ ni mo ti ń wá iṣẹ́ lórí ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, mo sì rí ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ológun ojú omi ilẹ̀ wa kan ló ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún un.

“Wọlé lọ wò ó,” ni ó wí. “Má ṣe tú nǹkan kan.”

Díẹ̀ ló kù kí n má dá Kẹ́tù mọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti òkè dé ibi omi. Òórùn kábéèjì àti ẹja ń jáde láti inú rẹ̀, ìlẹ̀kùn méjì ni kò ṣeé tì. Bí mo ṣe gun òkè ni ẹnì kan pe orúkọ mi. Lutsenko ni. Irun rẹ̀ ti funfun, eyín wúrà kan ló kù. Wọ́n ti rán an tẹ̀lé ọkọ̀ náà wá láti fà á lé wa lọ́wọ́. Ó ti kọ́ èdè wa díẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń to òkúta.

“Tveit. Mo búra. Mo mú un ṣẹ. Wá wò ó.”

Ó di apá aṣọ mi mú, ó ń fà mí lọ. Gbogbo idẹ tó wà nínú ọkọ̀ náà ló ti dúdú. Agogo nìkan ló ń tàn. Mi ò rí agogo tó tàn bẹ́ẹ̀ rí, bí ojú ọ̀sán ni.

“Lójoojúmọ́,” ni Lutsenko wí. “Bíríkì lílọ̀, ọtí kíkan, mo fi nù ún. Ara ẹ̀, inú ẹ̀. Inú ẹ̀ jù lọ. Èmi nìkan. Ọ̀gá mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, Stepan, ṣé ò ń gbàdúrà ni?”

Mo ti ọwọ́ sábẹ́ agogo. Ìka mi lọ, ó bọ̀. Ó ń yọ̀ bí inú ìkarahun ẹyin. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì mi. Ibi tí orúkọ wà ti jìn díẹ̀, bí ibi tí atáńpakò máa ń jẹ lára èèkù ọ̀bẹ. Ìlà kékeré kan ló kù níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ M tàbí ti R tàbí ti T. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan ló ha á.

“O rí i?” Lutsenko ṣì ń rẹ́rìn-ín.

“Stepan. Wo ibí.”

Ó wọ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara agogo náà bí ẹni tó ń pa iná.

“Ó wà níbẹ̀,” ni ó wí. “Ọdún àkọ́kọ́, ó wà níbẹ̀. Mo ń kà á.”

“Mo mọ̀.”

“Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò wò ó mọ́. Ọwọ́ mi mọ ibi tó wà.”

“Mo mọ̀, Stepan.”

“Idẹ yín rọ̀.”

“Ó rọ̀.”

Ọ̀gá rẹ̀ ké pè é láti èbúté. Ó ṣí fìlà fún mi, kò gbé e padà sórí títí ó fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ tò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ká ní ó jí agogo náà tà ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè sọ. Ká ní wọ́n yọ́ ọ fi rọ ṣíbí, ǹ bá bú wọn títí màá fi kú, ara á sì tù mí. Ẹni tó fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú nǹkan rẹ títí tó fi pa á rẹ́, kí lo fẹ́ pè é?

Síbẹ̀ mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin ológun yẹn, nítorí omi ìrìbọmi ọmọ náà kan inú agogo.

“Mo fẹ́ gba agogo náà, sà.”

“Èyí tó ní orúkọ ọmọ rẹ nínú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó bá mi gòkè lọ. Èèyàn dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí irin nínú aṣọ rẹ̀ tó mọ́, ó fi tọ́ọ̀ṣì mi wò ó.

“Mi ò rí nǹkan kan níbí.”

“Ó ti pa rẹ́.”

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. “Ọ̀gá, ká ní orúkọ náà wà níbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá lè bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé tìẹ ni èyí?”

Nígbà tí orúkọ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ló ni agogo. Nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́, kì í ṣe tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alma ti padà sí Astoria nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń di ẹja sí agolo. Ó ń fọ ọwọ́ nínú báàfù nígbà tí mo wọlé. Ó wo àpò mi, ó sì rí i pé kò wúwo.

“Wọn ò dá a padà?”

“Wọ́n dá a padà. Mo rí i.”

“Orúkọ ńkọ́?”

“Kò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Wọ́n ha á kúrò?”

“Rárá. Ọkùnrin yẹn ń fi bíríkì lílọ̀ nù ún ni. Ó fẹ́ kó máa tàn.”

Alma tún mú ọṣẹ. “Lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́.”

“Fún ọdún mẹ́rin.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ǹ bá gbà á bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Bó ṣe ṣófo yẹn, ǹ bá gbà á.”

“Mo bẹ̀ wọ́n, Alma. Wọ́n ní kì í ṣe tiwa.”

Ó ń fọ ọwọ́ náà lọ. Òórùn ẹja ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò bi mí nípa ọkọ̀ náà mọ́.

Èmi ń tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1950, wọ́n tún un kùn, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì gbé e lọ sí ogun Korea, níbi tí ó ti ń ṣọ́ etíkun tó sì ń sin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ìbọn láti orí ilẹ̀ bà á lẹ́ẹ̀kan, kò pa ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n yá a fún àwọn ará Japan, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ òdòdó kan, ó sì ń ṣọ́ òkun fún wọn títí ó fi gbó. Wọ́n fọ́ ọ fún irin. Mo kọ̀wé béèrè agogo. Wọ́n fèsì pé agogo irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, pé kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọ̀kan wọlé sí.

Signe Marit gbé oṣù márùn-ún láyé. Àwòrán rẹ̀ kò sí, aṣọ rẹ̀ kò sí, agogo kò sí, kò sì sí ibi kankan tí a lè lọ láti ka orúkọ rẹ̀.